Owó Ìtọ́jú Ọmọ Nígbà Tí Owó Kò Tó

Nígbà tí ọkọ àti aya bá kọ ara wọn sílẹ̀, ìgbéyàwó ni ó tú. Kò sí kọ́ọ̀tù tí ń tú bàbá kúrò lára ọmọ. Bí ọmọ bá wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, yóò jẹun, yóò wọ aṣọ, ara rẹ̀ a sì máa ṣe àìdá nígbà mìíràn. Ìdí nìyí tí kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀, irú èyí tí ó wà ní Mápó ní Ìbàdàn, fi máa ń dá iye kan tí bàbá yóò máa san lóṣooṣù. Owó ìtọ́jú ọmọ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ bàbá tí ń dá gbé, tí iṣẹ́ wọn kò mówó púpọ̀ wọlé, ni ọ̀rọ̀ owó yìí ń dà láàmú. Wọ́n ti bi wá léèrè nípa rẹ̀ ní kíláàsì ìwé àwọn àgbà. Èsì wa nìyí.

Ohun tí òfin wí

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé olúkúlùkù ọmọ ní ẹ̀tọ́ pé kí àwọn òbí rẹ̀ máa tọ́jú rẹ̀, bí agbára wọn bá ti mọ. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe irú òfin yìí ní ọdún 2007. Àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá yòókù náà ti ní tiwọn. Ẹ kíyè sí i: bí agbára bá ti mọ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Nítorí náà, bí adájọ́ bá bi yín ní iye tí ń wọlé fún yín, òótọ́ ni kí ẹ sọ. Ẹni tí ń pa ₦80,000, tí ó sì fi ìgbéraga ní ₦150,000 ni òun ń pa, ẹrù ₦150,000 ni wọn yóò gbé rù ú. Ẹni tí ó bá sì purọ́ dín owó kù, ọmọ ara rẹ̀ ni ó rẹ́ jẹ.

Ẹ yọ tọmọ kí ẹ tó náwó

Ká ní bíríkìlà kan wà tí kọ́ọ̀tù ní kí ó máa san ₦20,000 lóṣù. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń sanwó fún un. Bí ó bá dúró di ìparí oṣù, níbo ni yóò ti rí ₦20,000? Ṣùgbọ́n bí ó bá ń yọ ₦5,000 ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yóò fún un ní ₦20,000 géérégé. Nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, kí ó fi ₦1,000 lé e, nítorí ìgbà òjò ń bọ̀ tí iṣẹ́ ilé kíkọ́ yóò dín kù. Kí ó gbé owó náà fún alájọ tí ó ṣeé gbọ́kàn lé, tàbí kí ó fi sí báńkì. Owó àpò ṣòkòtò kì í pẹ́ tán.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ní báyìí tí ẹ ti mọ ìwé, ẹ jẹ́ kí ìwé ṣiṣẹ́ fún yín. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ máa kọ ọ́ báyìí:

Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta: ₦10,000, nípa báńkì.
Ọjọ́ 17 oṣù Kẹta: ₦10,000, nípa báńkì.

Ẹ má ṣe fi owó léni lọ́wọ́ láìsí ẹ̀rí. Bí kọ́ọ̀tù bá ní kí ẹ san án fún akọ̀wé kọ́ọ̀tù, ẹ gba rìsíìtì. Bàtà tàbí aṣọ ọdún tí ẹ rà fún ọmọ dára, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó tí kọ́ọ̀tù dá.

Bí iṣẹ́ bá bọ́

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ bàbá ti ń ṣubú. Ìtìjú mú wọn, wọ́n sá pamọ́, wọ́n pa fóònù. Gbèsè sì ń gun orí gbèsè. Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe nìyí:

1. Ẹ san ìwọ̀nba tí ẹ ní, ì báà jẹ́ ₦3,000.
2. Ẹ tètè sọ fún ìyá ọmọ. Bí ẹ kò bá sọ̀rọ̀ síra yín, ẹ rán àgbàlagbà kan sí i.
3. Ẹ padà sí kọ́ọ̀tù pẹ̀lú ìwé yín, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dín owó náà kù. Títí wọn yóò fi dín in kù, iye àtijọ́ ni ẹ jẹ.

Bí ẹ kò bá lówó lọ́yà, Legal Aid Council, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, ń ran tálákà lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Bí ìyá ọmọ kò bá jẹ́ kí ẹ rí ọmọ yín, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù. Ẹ má ṣe torí rẹ̀ dá owó dúró. Bí erin méjì bá ń jà, koríko ni ń fara gbá a. Ìyá kọ́ ni ebi yóò kọ́kọ́ pa, ọmọ yín ni.

Ẹ jíròrò lórí èyí

1. Kí ni ìtumọ̀ “bí agbára bá ti mọ”?
2. Bí kọ́ọ̀tù bá ní kí ẹ san ₦12,000 lóṣù, èló ni ẹ ó máa yọ lọ́sẹ̀?
3. Kí ni kí bàbá tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe?