Ẹ̀rọ Amúnáwá Tó Ń Kọṣẹ́: Ṣé Kí A Tún Un Ṣe Ni, Tàbí Kí A Ra Òmíràn?

Bí ẹ̀rọ amúnáwá bá ń kọṣẹ́, owó ni ọ̀pọ̀ onílé kọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì: èló ni àtúnṣe, èló ni tuntun? Èéfín rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Bí plọ́ọ̀gì bá dọ̀tí tàbí tí kabúrétọ̀ dí, àtúnṣe ti tó. Sàlẹ́ńsà tí ó ti lu kì í ṣe ohun tí a ń fi wáyà dì, pípààrọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a kì í po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, tí ó wá ń rú èéfín aláwọ̀ búlúù lẹ́yìn tí a ti pààrọ̀ rìngì rẹ̀, owó rẹ̀ kò ní tán lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Ó sàn kí a ra òmíràn.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ tuntun pẹ̀lú ń tú carbon monoxide jáde, afẹ́fẹ́ olóró tí kò láwọ̀, tí kò lóòórùn, tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju oxygen lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ọ̀dọ́ 7 ni wọ́n bá ní òkú nínú ilé ìgbohùn-orin-sílẹ̀ kan ní Yenagoa. Èéfín ẹ̀rọ amúnáwá ni wọ́n fura sí. Ìta gbangba ni ààyè ẹ̀rọ, ó kéré tán mítà 6 sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn.

Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn sábà ń pè ní ibà. Bí ó bá mú gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n tètè jáde síta. Oxygen ní ilé ìwòsàn ni ìtọ́jú rẹ̀, kì í ṣe epo pupa tàbí mílíìkì.