Ta Ni Yóò Máa Sanwó Oògùn HIV?

Owó ilẹ̀ òkèèrè ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìtọ́jú HIV ní Nàìjíríà. Láti 2003 tí George W. Bush, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ti dá PEPFAR, ètò ìrànwọ́ lórí HIV, sílẹ̀ ni Amẹ́ríkà ti ń náwó sí irú iṣẹ́ yìí, Global Fund, àpò owó àgbáyé fún gbígbógun ti àrùn, náà sì ń dá tirẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni aláìsàn ń gba oògùn: hóró kan lójúmọ́, oògùn mẹ́ta nínú rẹ̀, títí ọjọ́ ayé.

Ní oṣù Kìíní 2025, Ààrẹ Donald Trump dá ìrànwọ́ Amẹ́ríkà fún ilẹ̀ òkèèrè dúró. Kò pẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi ya nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.8 náírà sọ́tọ̀ fún oògùn. Owó pàjáwìrì nìyẹn, kò lè gbé ìtọ́jú ọlọ́dọọdún.

Ibi tí ojú wà báyìí ni adójútòfò ìlera. Òfin adójútòfò ìlera ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ará ìlú, ó sì ní kí àpò kan wà fún aláìní. Lójú ìwé nìyẹn o. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ kò tíì tó ìdá kan nínú márùn-ún.

Ìṣirò rẹ̀ náà le. Iye kan náà ni adójútòfò sábà máa ń san fún ilé ìwòsàn lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, yálà ó wá tàbí kò wá. Ẹni tó ní HIV kò ní yé wá: oògùn ń bẹ, àyẹ̀wò iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ń bẹ. Bí wọn ò bá ya owó ìwọ̀nyí sọ́tọ̀, gbèsè ni ilé ìwòsàn yóò máa rí lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pípa àṣírí mọ́ tún wà níbẹ̀: òṣìṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ láti ibi iṣẹ́ lè máa bẹ̀rù pé ọ̀gá òun yóò gbọ́.