Ilé ìjọba àtijọ́: Ṣé kí wọ́n wó o ni, àbí kí wọ́n tún un ṣe?

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé owó tó tọ́ sí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà, kí ó má gba ọwọ́ gómìnà kọjá mọ́. Ìdájọ́ yìí kan gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, àti Ọ̀sẹ́ tí olú ìlú rẹ̀ wà ní Ìfọ́n, àti Ọ̀wọ̀ tó múlé tì í.

Bí owó bá sì dé, ọ̀kan lára ohun tó máa ń yá àwọn alága lára láti ṣe ni kí wọ́n kọ́ sẹkitéríàtì tuntun. Wọ́n á pe katapílà, wọ́n á wó ilé tó ti wà látayé òyìnbó amúnisìn, wọ́n á gbé ilé onígíláàsì dúró síbẹ̀. Ariwo á sọ, wọ́n á gé ríbọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n ṣé ilé àtijọ́ yẹn ti di àkísà lóòótọ́?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lomé

Ní ìlú Lomé, lórílẹ̀-èdè Tógò, ilé ńlá kan wà létí òkun tí àwọn ará Jámánì kọ́ láàárín ọdún 1898 sí 1905 fún gómìnà wọn. Nígbà tí Jámánì pàdánù Tógò nínú ogun àgbáyé àkọ́kọ́, àwọn Faransé bọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn tí Tógò gba òmìnira lọ́dún 1960, ìjọba tiwọn náà lò ó.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, wọ́n pa ilé náà tì. Ó lé ní ogún ọdún tí òjò fi ń wọlé, tí igbó sì ń kún inú ọgbà. Ẹni tó bá rí i nígbà náà á sọ pé kò sí nǹkan tó kù níbẹ̀ ju kí wọ́n wó o lọ.

Wọn ò wó o. Ìjọba Tógò tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i fún aráàlú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Palais de Lomé ni wọ́n ń pè é báyìí. Wọ́n ń pàtẹ iṣẹ́ ọnà níbẹ̀, ilé oúnjẹ wà níbẹ̀, ọgbà tó yí i ká tó hẹ́kítà 11, wọn ò sì gé igi ibẹ̀ dànù. Ilé tí ọmọ onílẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ̀ bó ṣe wù ú nígbà kan ti wá di tiwọn.

Kí ló dé tí ilé àtijọ́ fi máa ń tutù?

Àwọn tó kọ́ ilé ìjọba láyé ìgbà yẹn kò ní ẹ̀rọ amúlétutù. Nítorí náà, ilé fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ògiri rẹ̀ nípọn, oòrùn kì í tètè là á já. Àjà rẹ̀ ga, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń gòkè ni. Fèrèsé kọjú síra wọn kí atẹ́gùn lè gba ọ̀kan wọlé, kó gba èkejì jáde. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí ilé ká kí oòrùn má baà na ògiri.

Àwọn baba wa náà mọ ọgbọ́n yìí kí òyìnbó tó dé. Ẹni tó bá dé Ààfin Ọlọ́wọ̀ ní Ọ̀wọ̀, tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè lọ́dún 2000, á rí ògiri amọ̀ àti àwọn àgbàlá tí wọ́n ń pè ní ùghà. Ibi tí ọba ti ń gbọ́ ẹjọ́, tí ìjòyè ti ń péjọ, ni. Ọ́fíìsì ìjọba kúkú ni.

Ilé onígíláàsì yàtọ̀ pátápátá. Bí iná bá lọ, ó di ààrò. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn oníbàárà Band A fò láti nǹkan bíi náírà 68 sí náírà 225 lórí yúníìtì kan. Owó dísùẹ̀lì fún jẹnẹrétọ̀ náà ò ṣe é fẹnu sọ. Owó tí ìjọba ìbílẹ̀ bá fi ń tu ọ́fíìsì lára, owó títà oògùn àti títún ọ̀nà oko ṣe ló ń jẹ.

Ti àyíká náà tún wà níbẹ̀. Sìmẹ́ǹtì tí ayé ń ṣe nìkan ló ń tú nǹkan bí ìdá 7 sí 8 nínú 100 gáàsì carbon dioxide tí ọmọ ènìyàn ń tú sójú ọ̀run. Ilé tó bá ti wà nílẹ̀, sìmẹ́ǹtì tiẹ̀ ti jóná tán. Ẹni tó bá wó o, tó sì kọ́ òmíràn, ti ná ìná ẹ̀ẹ̀mejì.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tún un ṣe?

Òrùlé ni ìbẹ̀rẹ̀. Bí paánù bá ń jò, kí ẹnikẹ́ni má tíì ra ọ̀dà. Omi ló ń ba igi àjà jẹ́, igi tútù ló sì ń pe ikán. Lẹ́yìn òrùlé, ó kan gọ́tà, kí omi òjò má baà dúró sí ìdí ògiri. Ẹni tó bá gbọ́n á darí omi náà sínú táńkì.

Lẹ́yìn náà ni ògiri. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Àmọ́ ohun tí wọ́n fi ń dí ẹnu ògiri ṣe pàtàkì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri amọ̀. Ògiri amọ̀ máa ń fa omi mu díẹ̀, á sì tún gbẹ. Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kó gbẹ. Omi á há sínú, amọ̀ á rọ̀, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ gbogbo ohun tí wọ́n rẹ́ á bó pẹ̀lú ògiri. Amọ̀ ni kí wọ́n fi tún amọ̀ ṣe.

Ìkìlọ̀ kan wà: ọ̀pọ̀ ilé ìjọba ló ní sílìn tàbí òrùlé asbestos. Eruku rẹ̀ máa ń fa jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Kí ọ̀dọ́mọkùnrin kankan má fi ayùn gé e, kí wọ́n má fọ́ ọ, kí wọ́n má sun ún. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi omi rin ín, kí àwọn tó mọṣẹ́ tú u lódidi.

Ìgbẹ̀yìn ni sólà, wáyà tuntun àti ilé ìyàgbẹ́ tó dáa. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù lóṣù Kínní ọdún 2019 náà wà níbẹ̀: ó fún àwọn ilé ìgboro ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí àwọn aláàbọ̀ ara lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà ti pé.

Nílé ńkọ́?

Nàìjíríà náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Gbọ̀ngàn Mápó n'Íbàdàn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929, ṣì ń gba àlejò lórí òkè rẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe. Ní Calabar, ilé ìjọba onípákó tí wọ́n gbé wá láti Bìrìtìkó lọ́dún 1884 ti di mùsíọ́mù. Ṣùgbọ́n ní Èkó, wọ́n wó Ilojo Bar lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ni láti ọdún 1956. Kò sí owó tó lè rà á padà.

Kì í ṣe gbogbo ilé ló ṣe é tún ṣe o. Bí ìpìlẹ̀ bá ti sẹ́, ẹ̀mí èèyàn ju ilé lọ. Ṣùgbọ́n ẹnjiníà ló yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn àyẹ̀wò, kì í ṣe kọngilá tó fẹ́ gba iṣẹ́.

Nítorí náà, bí alága tàbí káńsẹ́lọ̀ bá kéde pé sẹkitéríàtì tuntun ń bọ̀, ìbéèrè mẹ́ta ni kí aráàlú bi í. Ta ló yẹ ilé àtijọ́ wò? Èló ni àtúnṣe rẹ̀? Èló ni iná ilé tuntun yóò máa jẹ lóṣooṣù? Bí kò bá ní ìdáhùn, kí katapílà ṣì dúró ná.