Bí Ẹ́ńjìnì Dísẹ́ẹ̀lì Bá Ń Yí Tí Kò Ṣiṣẹ́

Ẹ̀gẹ́ tí a ti bó kì í dúró de mẹkáníìkì. Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnì tí ẹ fi ń lọ ẹ̀gẹ́ bá ń yí tí kò ṣiṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu sálẹ́ńsà bí ẹ ti ń yí i.

Bí èéfín funfun bá ń jáde, dísẹ́ẹ̀lì ń dé inú ẹ́ńjìnì, kò kàn gbiná ni. Omi lè wà nínú rẹ̀, tàbí kí ẹ́ńjìnì ti rẹ̀. Ẹ pe mẹkáníìkì.

Bí èéfín kankan kò bá jáde, dísẹ́ẹ̀lì kò dé ibẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ẹnu táńkì tí dísẹ́ẹ̀lì ń gbà sọ̀ kalẹ̀ wà ní ṣíṣí. Bí táńkì bá ti gbẹ rí, afẹ́fẹ́ ló wọ páìpù. Ẹ rọ dísẹ́ẹ̀lì tó mọ́ sí i. Ẹ tú nọ́ọ̀tì kékeré orí fíltà díẹ̀. Bí ìfóòfó bá tán, ẹ dè é. Ẹ ṣe bákan náà ní pọ́ọ̀ǹpù. Lẹ́yìn náà, ẹ tú nọ́ọ̀tì páìpù tó wọ nọ́sù díẹ̀, kí ẹ yí ẹ́ńjìnì títí dísẹ́ẹ̀lì yóò fi jáde, kí ẹ sì dè é pinpin. Ẹ má gbé ọwọ́ tàbí ojú síbẹ̀ o. Agbára rẹ̀ lè gún awọ ara wọlé.

Lọ́jọ́ iwájú, ẹ máa wo táńkì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.