Ìtìjú Lójú Òṣèré: Adéníkẹ̀ẹ́ nínú Mother of George

Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé tó bá bọ́ sí ilé oníyàrá-kọjú-síra ní Ìwáyà kì í pẹ́ rí ẹni bá sọ̀rọ̀: ayálégbé kan wà ní ilé ìdáná, òmíràn wà nídìí omi. Adéníkẹ̀ẹ́ kò ní irú wọn. Nínú fíìmù Mother of George (2013), tí Andrew Dòsùnmú darí, ìyàwó Yorùbá ni í ṣe ní Brooklyn, ní ìlú New York. Ọkọ rẹ̀, Ayọ̀délé, ní ilé oúnjẹ. Níbi ìgbéyàwó gan-an ni ìyá ọkọ ti sọ àkọ́bí tí a kò tíì lóyún rẹ̀ ní George. Oyún kò sì dé.

Danai Gurira, ọmọ Zimbabwe tí a bí ní Amẹ́ríkà, ló ṣe Adéníkẹ̀ẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí jagunjagun tó mú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ nínú Black Panther (2018) lè má tètè dá a mọ̀ níhìn-ín. Etí ọmọ Yorùbá lè fura sí ahọ́n àjèjì nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó ti dákẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Yorùbá mọ̀ pé ìtìjú yàtọ̀ sí ojo: ẹ̀kọ́ ilé ni ti àkọ́kọ́. Gurira kó méjèèjì sínú ìwolẹ̀ kan ṣoṣo, débi pé òǹwòran kò mọ ibi tí ọ̀wọ̀ parí sí tí ìbẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀.

Ayọ̀délé kọ̀, kò lọ rí dókítà. Ìyá ọkọ wá dábàá pé kí ìyàwó bá Bíyìí, àbúrò ọkọ, sùn. Ṣebí ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Bukky Àjàyí, tí àwọn ará Èkó ti mọ̀ lórí tẹlifíṣàn láti àwọn ọdún 1960, tó sì kú ní 2016, kò ṣe é bí ìyá ọkọ burúkú inú fídíò ilé. Bí ẹni tó ń wá oògùn fún ọmọ rẹ̀ ló ṣe é. Ká ní ó hùwà ìkà ni, òmùgọ̀ ni ìgbọràn Adéníkẹ̀ẹ́ ì bá jọ. Ìfẹ́ yìí gan-an ni kò jẹ́ kí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ rí ọ̀nà tí yóò gbà kọ̀.

Bradford Young, tó gba ẹ̀bùn ayàwòrán ní Sundance ní 2013, sábà máa ń fi kámẹ́rà sí ojú ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń sọ ọ́. Nítorí náà, ọrùn àti ìpéǹpéjú ni Gurira fi ń dáhùn. Lẹ́yìn tí oyún dé, orí rẹ̀ ṣì ń tẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá níwájú ọkọ rẹ̀. Àṣírí ló ń fi bò báyìí.