LÁTI MÁPÓ DÉ ILÉ AṢÒFIN
Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú iṣẹ́ olóògbé Adégòkè Adélabú



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí kì í ṣe ìwàásù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpolongo ìbò. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò: níbo ni ó yẹ kí ẹni tí yóò ṣe òfin fún odindi ìpínlẹ̀ ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀? Àwọn kan a máa wí pé ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni; àwọn mìíràn a máa wí pé owó ni, tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú. Ìdáhùn tèmi ni pé ìgbìmọ̀ ìlú, níbi tí a ti ń jíròrò owó orí, ọjà, ọ̀nà àti omi mímu, ni ilé-ẹ̀kọ́ aṣòfin. Àti pé ẹ̀kọ́ tí ènìyàn bá kọ̀ láti kọ́ níbẹ̀, yóò dúró dè é níwájú.

Láti fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ ọkùnrin kan tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ orúkọ rẹ̀, èyíinì ni Adégòkè Adélabú, ọmọ Òkè Olúokùn ní Ìbàdàn. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹ̀mí ara wọn lọ. Àwọn kan kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí a fi ìfẹ́ àti ìkórìíra sí apá kan, kí a wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

I. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀

A bí Adélabú ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1915. Mùsùlùmí ni ìdílé rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-ìwé Saint David ti CMS ní Kúdẹtì ni ó ti kọ́kọ́ kàwé, ní àdúgbò tí Hinderer àti aya rẹ̀ tẹ̀dó sí nígbà tí wọ́n mú Ìhìnrere wá sí Ìbàdàn ní 1853. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí Government College, Ìbàdàn, àti lẹ́yìn náà sí Yaba Higher College, níbi tí kò pẹ́ sí. Ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ UAC, ó ṣe ayẹ̀wò irè oko, ó sì dá òwò ti ara rẹ̀ ṣe. Ẹ kíyè sí iṣẹ́ wọ̀nyí, nítorí wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ tí ń gbin kòkó àti ọ̀dọ̀ ẹni tí ń rà á. Ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ nítorí àwọn ènìyàn gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ohùn wọn rí.

II. Bí ó ti wọ Ilé Aṣòfin

Ní 1951 ni a ṣe ìdìbò àkọ́kọ́ sí Ilé Aṣòfin Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ òfin ìjọba tuntun ìgbà náà. Ìpele-ìpele ni wọ́n dìbò ọ̀hún: àwọn ará àdúgbò yan àwọn kan, àwọn tí a yàn náà sì yan àwọn tí yóò lọ sí Ilé. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n yàn láti Ìbàdàn, ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn sì ti wá. Nígbà tí ó di pé kí Ilé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, márùn-ún nínú wọn lọ bá Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Adélabú nìkan ni ó dúró ti NCNC, Ẹgbẹ́ Alákùkọ.

Ẹni kan nínú mẹ́fà! Ọ̀pọ̀ ni yóò ti rò pé ọ̀nà rẹ̀ ti dí. Ṣùgbọ́n nígbà náà ni inú àwọn ará Ìbàdàn kò dùn, nítorí a ti ya àwọn ìlú Ọ̀ṣun sọ́tọ̀ kúrò lábẹ́ wọn. Àwọn àgbẹ̀ sì ń kùn nítorí igi kòkó tí ìjọba gé nítorí àrùn, àti nítorí owó orí. Adélabú kò bá wọn sọ èdè àwọn ọ̀mọ̀wé. Ó wọ agbo wọn, ó jẹ, ó mu, ó jó pẹ̀lú wọn, ó sì so ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tí a ń pè ní Máyégún pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn tí ń san owó orí. Láti inú ìyẹn ni Ẹgbẹ́ Mábọlájẹ́ ti jáde. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀bẹ̀ àti ìkìlọ̀: kí ẹnikẹ́ni má ṣe ba ọlá àwọn ìjòyè jẹ́.

III. Ìgbìmọ̀ Ìlú Ìbàdàn

Ó yẹ kí a ṣàlàyé bí ìjọba ìlú ti rí nígbà náà. Tẹ́lẹ̀ rí, ọba àti àwọn ìjòyè ni wọ́n ń ṣàkóso lábẹ́ ojú ajẹ́lẹ̀. Òfin Ìjọba Ìbílẹ̀ tí Ilé Aṣòfin Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ṣe ní 1952 yí èyí padà. Láti ìgbà náà lọ, àwọn tí ará ìlú dìbò yàn ni wọ́n pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀, àwọn ìjòyè sì wà pẹ̀lú wọn ní ìwọ̀nba. Ṣùgbọ́n òfin kan náà fi agbára sí ọwọ́ ìjọba Ẹkùn láti wádìí ìgbìmọ̀ tí ó bá ṣe àìtọ́, kí ó sì tú u ká. Ẹ má ṣe gbàgbé èyí. Ìgbìmọ̀ ìlú ni ó ń gba owó orí, òun ni ó ń tún ọjà àti ọ̀nà ṣe. Ṣùgbọ́n Ilé Aṣòfin ni ó mú okùn rẹ̀ lọ́wọ́.

Ní 1954 Mábọlájẹ́ àti NCNC borí nínú ìdìbò ìgbìmọ̀ Ìbàdàn, Adélabú sì di alága ní Mápó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1955, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti borí ní Ìwọ̀ Oòrùn nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀, ó tún di mínísítà ní Èkó. Kò fi ipò alága sílẹ̀. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni alága ní Mápó, ni mínísítà ní Èkó, ni olórí ẹgbẹ́ ní ìgboro. Bí a bá ní kí a yìn ín, a ó sọ pé akíkanjú ni. Bí a bá ní kí a sọ òtítọ́, a ó bèèrè pé: ta ni yóò yẹ ìwé owó ẹni wò, nígbà tí ó jẹ́ pé òun kan náà ni olùnáwó, òun ni alábòójútó, òun sì ni ẹni tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù?

IV. Ìwádìí

Ìjọba Ẹkùn pàṣẹ kí a wádìí ìgbìmọ̀ náà. Ọ̀gbẹ́ni Nicholson, akọ̀wé ìlú Abingdon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ìwé rẹ̀ dá ìṣàkóso ìgbìmọ̀ náà lẹ́bi, ó sì dá Adélabú fúnra rẹ̀ lẹ́bi. Ní 1956 ó fi ipò alága àti ipò mínísítà sílẹ̀, a sì tú ìgbìmọ̀ náà ká.

Níhìn-ín ni a gbọ́dọ̀ fi òṣùwọ̀n méjèèjì wọ̀n ọ́n. Lọ́nà kan, ẹgbẹ́ tí ó ń bá a jà ni ó wà nínú ìjọba tí ó pàṣẹ ìwádìí náà. Kò yani lẹ́nu pé àwọn ènìyàn rẹ̀ wí pé ìjà òṣèlú ni. Lọ́nà kejì, ọ̀tá kì í dá iná sí ibi tí kò sí koríko gbígbẹ. Bí a bá ti pín agbára sí ọwọ́ púpọ̀, tí a sì ṣí ìwé owó sílẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, ẹnu ọ̀tá ìbá ti dí. Ìfẹ́ tí àwọn ènìyàn ní sí olórí kò lè dípò ìwé ìṣirò owó. Sámúẹ́lì, ẹni Ọlọ́run, fẹ́ràn Ísírẹ́lì, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún un; síbẹ̀ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ó dúró níwájú ìjọ ó ní kí ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ jáde wá sọ ọ́. Ẹ̀kọ́ yìí ni Mápó fi síwájú Adélabú, èyí ni kò sì kọ́ dáadáa.

V. Olórí àwọn alátakò

Ẹni tí ó rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí níbẹ̀ kò mọ Ìbàdàn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1956 kan náà ni a dìbò sí Ilé Aṣòfin Ẹkùn, àwọn ará ìlú rẹ̀ sì tún rán an lọ. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní ìjókòó 48, NCNC ní 32, Adélabú sì di olórí àwọn alátakò nínú Ilé.

Ipò yìí ṣòro fún àwa Yorùbá láti lóye, nítorí àtakò dàbí ìwà ọ̀tẹ̀ lójú wa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ alátakò ni láti bèèrè ọ̀nà tí a gbà ná owó ìlú, láti tú àbá òfin palẹ̀ kí ó tó di òfin, kí ó sì sọ ohun tí àwọn tí kò sí nínú ìjọba ń rò. Ẹni tí ó ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú, tí ó mọ bí a ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin ọjà àti àgbẹ̀, ní ohun tí yóò bèèrè. Ẹnu Adélabú mú, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì jinlẹ̀. Nígbà kan ó fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì pe ọ̀ràn kan ní ìdàrúdàpọ̀ tí kò lẹ́gbẹ́. Àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbà á bí etí wọn ti gbọ́ ọ, wọ́n sì sọ ọ́ di “pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì,” ọ̀rọ̀ tí ó ti di ti Yorùbá títí di òní.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta, ọdún 1958, ìjàǹbá ọkọ̀ pa á ní ẹ̀bá Òde Rẹ́mọ, ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ọmọ ọdún 42 péré ni. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kò gbà pé ikú náà wá lásán. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sì kú. Èyí pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀kọ́ kíkorò: níbi tí gbogbo ìrètí ìlú bá ti so mọ́ ọrùn ẹnì kan, ikú ẹni náà a máa di ikú ọ̀pọ̀lọpọ̀.

VI. Ohun tí ó kàn wá lónìí

Ẹ̀yin olùfẹ́, ohun ìgbà náà kò tí ì kúrò lójú wa. Níbi tí ìgbìmọ̀ kan ti wà ní ìgbà Adélabú, ìjọba ìbílẹ̀ 11 ni ó wà ní Ìbàdàn nísinsìnyí, nínú 774 tí Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 kà sílẹ̀. Ilé Aṣòfin kọ̀ọ̀kan sì wà ní ìpínlẹ̀ 36. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó jókòó níbẹ̀ ni ó ti ṣe káńsẹ́lọ̀ tàbí alága rí. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí a máa san owó ìjọba ìbílẹ̀ tààrà fún wọn, àti pé gómìnà kò ní ẹ̀tọ́ láti tú ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn ká, kí ó sì fi àwọn ènìyàn tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ìdájọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n bí a bá mú ọwọ́ gómìnà kúrò lára àpò, tí ará ìlú kò sì fi ojú tirẹ̀ sí i, àpò náà kò ní ààbò.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá wá bẹ̀ yín pé kí ẹ rán òun lọ sí Ilé Aṣòfin, ohun mẹ́ta ni kí ẹ bi í. Ekíní: kí ni o ṣe nígbà tí o wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú, kí a lè fi ojú wa rí i? Èkejì: ta ni ó yẹ ìwé owó rẹ wò, níbo ni a sì ti kà á sí etí ìlú? Ẹ̀kẹta: ṣé ìwọ yóò fi ipò kan sílẹ̀ kí o tó di èkejì mú? Jósẹ́fù kọ́ ìtọ́jú ohun olóhun ní ilé Pótífárì àti nínú ẹ̀wọ̀n, kí a tó fi àká Íjíbítì lé e lọ́wọ́. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ìgboyà Adélabú tọ́ sí wa láti jogún, àti etí rẹ̀ tí ó gbọ́ ohùn tálákà. Ẹ jẹ́ kí a fi ìwé owó tí ó ṣí sílẹ̀ kún un. Kí Ọlọ́run gbé àwọn ọmọ wa dìde, tí yóò kọ́ ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀.