Akọ Ìbẹ́pẹ: Báwo La Ṣe Ń Dá A Mọ̀, Ìgbà Wo La sì Ń Gé E?

Ẹ gbin ìbẹ́pẹ sẹ́yìn ilé, ẹ ń bu omi rin ín, ẹ ń fi ajílẹ̀ sí i. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù márùn-ún, òdòdó bò ó, inú yín dùn. Àmọ́ òdòdó ń rẹ̀ dànù lójoojúmọ́, èso kankan ò yọ. Àwọn ará ilé ti ń sọ pé ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Rárá o! Akọ lẹ gbìn.

Bíi tèèyàn ni tìbẹ́pẹ: chromosome X àti Y ló ń pinnu ẹ̀. Abo ní X méjì, akọ ní X kan àti Y kan. Irú kẹta tún wà, oníméjì, tí òdòdó rẹ̀ ní akọ àti abo pọ̀. Y tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti akọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kóró tó bá jogún Y méjì kì í yè rárá.

Kí igi tó yọ òdòdó, ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń ta ọmọ ìbẹ́pẹ fún yín, tó ní òun fi ewé tàbí gbòǹgbò mọ abo, ẹ máa rora bá a dúnàá-dúrà.

Òdòdó ló ń tú àṣírí. Ti akọ máa ń so wẹ́wẹ́, ó pọ̀ yamùrá lórí ọ̀pá gígùn tó ń fì dirodiro, ó lè gùn ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Ti abo tóbi, ó lẹ̀ mọ́ ara igi níbi tí ewé ti yọ, ẹyọ kan tàbí díẹ̀ péré. Bó bá ṣì ń ṣe yín bíi kò dájú, ẹ ya òdòdó kan sí méjì: ẹ ó rí nǹkan roboto bí èso kékeré nínú abo. Kò sí i nínú akọ.

Nítorí náà, ẹ gbin mẹ́ta sí ihò kan. Bí akọ àti abo bá jẹ́ ìdajì-ìdajì, ihò tó ní igi kan lè jẹ́ akọ lẹ́ẹ̀kan nínú méjì. Kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ akọ, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́jọ ni. Bí òdòdó bá yọ, ẹ dá abo tó lágbára jù sí. Ẹ má fa ìyókù tu, kí gbòǹgbò èyí tó kù má baà já. Ẹ gé e mọ́lẹ̀. Oje rẹ̀ máa ń bó ara, ẹ má jẹ́ kó ta sójú.

Ṣùgbọ́n ẹ má pa gbogbo akọ o! Àṣìṣe yìí ló ń dùn mí jù. Tí kò bá sí akọ tàbí oníméjì nítòsí, òdòdó abo á kàn máa rẹ̀ ni, tàbí kó so èso tí kò ní kóró. Akọ 1 tó fún abo 10 sí 20.

Ẹ ó gbọ́ pé bí wọ́n bá gé akọ lórí, ó máa di abo. Lóòótọ́, akọ míì máa ń so èso lórí ọ̀pá gígùn yẹn nígbà míì, pàápàá nígbà òtútù, àmọ́ Y ṣì wà lára ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹra fún wàhálà akọ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ mú kóró látinú èso gbọọrọ, kì í ṣe roboto: oníméjì ló sábà ń so ó. Bí kò bá sí akọ kankan ní àyíká igi yẹn, abo àti oníméjì nìkan ni kóró rẹ̀ máa mú jáde.